Àbọ̀ ìbéèrè mi: “Independent” kì í ṣe “mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan” ní California

Ìbéèrè mi ni pé mo fàmì sí “American Independent” nínú fọ́ọ̀mù olùdìbò, mo ṣe bí mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan ló túmọ̀ sí, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe? Ẹgbẹ́ òṣèlú gidi ni, orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. “No Party Preference” (mi ò yan ẹgbẹ́ kankan) ni mo ń wá.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni kéèyàn tún orúkọ fi sílẹ̀ ní registertovote.ca.gov. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì awakọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà) àti ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń béèrè. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ẹgbẹ́, ẹ mú èyí tó ní ẹ ò fẹ́ yan ẹgbẹ́ kankan. Ẹ má wá “independent” níbẹ̀ rárá. Kó tó ku ọjọ́ 15 sí ìbò ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Pípe ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì ṣiṣẹ́ díẹ̀: wọ́n á sọ ẹgbẹ́ tó wà lórúkọ yín, àmọ́ fọ́ọ̀mù tuntun ló ń yí i padà.

Ní ti ìbò ìbílẹ̀, àṣìṣe náà ò pa ohunkóhun lára. Méyọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú, ìgbìmọ̀ ilé ìwé, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ lára ìwé ìbò wọn.

Ìbò abẹ́nú ti ààrẹ ló kù. Ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìbò ẹgbẹ́ tó bá gbà á láàyè. Ní 2024, Democratic gbà, Republican ò gbà.

Ẹ ṣeun o.