«Ìhúyín» ẹṣin àgbà: hú ni àbí hù?

Ọmọ-Àkọtọ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìwé ìtọ́jú eyín ẹṣin àgbà tí Atúmọ̀ túmọ̀, tó ní ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di títẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò fojú di í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń yún mi lára: "ìhúyín", tó fi pe kí a fa eyín tó bàjẹ́ kúrò lẹ́nu ẹṣin.

Ẹ gbọ́ ná. Hú olóhùn òkè, òkú là ń hú. Hù olóhùn ìsàlẹ̀, irúgbìn ló ń hù, ọmọ ọwọ́ ló ń hu eyín. Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá kọ "ihuyin" lásán lórí fóònù, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, èwo ló fẹ́ ká mú? Bó bá jẹ́ ènìyàn là ń sọ, ọjọ́ orí ì bá là wá lójú. Ẹṣin ńkọ́? Eyín ẹṣin kì í jáwọ́ nínú híhù. Lọ́dọọdún ló ń yọrí jáde ní mìlímítà 2 sí 3, bí koríko ti ń jẹ orí rẹ̀ lọ, títí èyí tó wà ní ìpamọ́ nínú egungun àgbọ̀n yóò fi tán, nígbà tí ẹṣin bá ti lé ní ọdún 25 tàbí tó ń sún mọ́ 30. Atúmọ̀ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìhúyín ẹṣin àgbà gba sùúrù". Èwo nínú méjèèjì ló gba sùúrù?

Atúmọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ló jẹ̀bi. Ì- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, hú ni ọ̀rọ̀-ìṣe, eyín ni ọ̀rọ̀-orúkọ, ìpajẹ sì gbé fáwẹ́lì kan lọ. Kí ló tún kù? Ṣé "ìyọyín" lẹ fẹ́? Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ló ń yọyín. "Ìfayín" ńkọ́? Ẹ fẹnu yín pè é wò, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ti rí létí.

Mo sì ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́ lórí "èjí", tí mo fi pe àlàfo tó máa ń wà láàárín eyín, àti "àpọ̀jẹ", tí mo fi pe koríko tí ẹṣin jẹ láìkúnná tó sì tu dà sílẹ̀.

Oníṣègùn-Ẹran kọ:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé "àpọ̀jẹ" kúrò lọ́nà. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló ń jẹ àpọ̀jẹ, torí wọ́n ń pọ oúnjẹ padà wá sẹ́nu láti inú. Ẹṣin kì í bì, áḿbọ̀sìbọ́sí kó jẹ àpọ̀jẹ. Ohun tó ń bọ́ lẹ́nu ẹṣin àgbà kò tíì dé ọ̀fun rárá: ìṣù koríko tó lọ́, tó rin gbingbin fún itọ́. Ẹ tú u wò, ẹ ó rí igi koríko gbọọrọ nínú rẹ̀ tí eyín kò gé. Màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ara rẹ̀ le. Ẹṣin tó ń tu ìṣù, ẹnu ń dùn ún, tàbí kò ní eyín tí yóò fi lọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá ka "àpọ̀jẹ" nínú ìwé yìí yóò fọkàn balẹ̀ níbi tó yẹ kó ti ké sí dókítà. Ẹ kọ "ìṣù àtudà", kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ní ti "hú", kì í ṣe ohùn rẹ̀ ló ń bí mi nínú, ọwọ́ tí yóò tẹ̀ lé e ni. Ẹni tó bá gbọ́ hú yóò fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń yọ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ìdúró ni ẹṣin náà wà. X-ray ló ṣáájú, ká lè mọ eyín tó ń dùn ún gan-an àti bí gbòǹgbò rẹ̀ ti rí. Detomidine, 0.01 sí 0.02 mg/kg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú butorphanol 0.02 mg/kg, ni yóò mú un tòògbé; fún ẹṣin tó wọn kílò 500, ìyẹn mílígíráàmù 5 sí 10 ti àkọ́kọ́ àti 10 ti èkejì. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. A ó fọ ẹnu mọ́, a ó ki irin ìlanu bọ̀ ọ́, a ó gbé orí rẹ̀ lé ohun tí yóò gbà á ró.

Irin pẹlẹbẹ la fi ń ya ẹran ìdí eyín kúrò lára eyín yípo. Ìyẹn tán, irin ìyanà wọ àárín eyín náà àti aládùúgbò rẹ̀ iwájú. A ó máa pa á dé díẹ̀díẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 5, ká tó gbé e lọ sẹ́yìn. Ibí yìí lọwọ́ ti ń ya àwọn kan. Láti iwájú lọ sẹ́yìn, 06 sí 11 là ń ka eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ 07 lẹ fẹ́ yọ, ẹ ṣọ́ra fún àárín òun àti 06, torí 06 kò ní eyín kankan níwájú tí yóò gbè é, òun ni yóò mì dípò èyí tẹ́ ẹ ń wá. Bákan náà ni 11 lẹ́yìn 10.

Ìgbà yẹn lẹ̀mú tó kàn. Ẹ̀mú yóò di orí eyín mú ṣinṣin, a ó sì máa mì ín sọ́tùn-ún sósì, mímì kékeré, láìfà á. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹṣin tó ṣì kéré. Lẹ́nu ẹṣin àgbà kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí gbòǹgbò ti kúrú. Tí ìdí rẹ̀ bá ti tú, ẹ̀jẹ̀ oní-fóòmù yóò máa yọ létí ẹran ìdí eyín, ẹ ó sì gbọ́ ohùn bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn nìkan la ń gbé irin kékeré sábẹ́ ẹ̀mú, níwájú eyín náà, tí a fi ń gbé e jáde. Ẹni tó bá fi ìkánjú gbé irin yẹn síbẹ̀ ló ń ṣẹ́ eyín sílẹ̀.

Tí eyín bá wá ṣẹ́, tí gbòǹgbò kù sínú egungun, ìgbà yẹn gan-an ni *hú* bẹ̀rẹ̀: a ó la ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí ká lu egungun láti ìta ká fi irin tì í wọ ẹnu. Èérún egungun lè kú sínú ihò náà, ti òkè sì lè di ojú ihò láti ẹnu sínú àwọn yàrá inú egungun ojú, kí oúnjẹ àti ọyún máa gba ihò imú kan jáde. Atúmọ̀ fi orúkọ ìjàǹbá pe iṣẹ́ tó lọ déédéé. Mímì tu ni, ẹ pè é ní "ìmìtu".

Àgbà-Olùkọ́ kọ:

Láti àná ni mo ti ń wò yín. "Ìmìtu"! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀yin àti oògùn yín. Dókítà mọ ẹnu ẹṣin, mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n èdè kì í ṣe ẹ̀mú. Àwọn àgbà tó sọ èdè yìí kó tó kàn wá ní gbólóhùn fún un: fà á tu. Wọn kò so ó pọ̀ mọ́ àfòmọ́ kankan, kò sì sẹ́ni tó ṣi wọ́n gbọ́. Ta ló sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ? "Fífa eyín tu" ti tó gẹ́gẹ́ bí àkọlé.

Ìwọ Atúmọ̀, "èjí" tìrẹ yìí burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èjí, àárín eyín iwájú méjì lókè ló wà, ẹwà sì ni. Ìwọ wá gbé e fún ibi tí koríko ń rà sí, tó ń rùn. Lóòótọ́ ahọ́n àti eyín a máa jà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí atúmọ̀ èdè bá èjí jà. Nígbà tó tún di ibi tí ìjánu ń gbà kọjá, láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́, èjí náà lo tún pè é. Ọ̀kan jẹ́ àlàfo tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹṣin, èkejì jẹ́ àìsàn.

Àti pé, èrìgì tó o fi pe eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú ìwé rẹ kì í ṣe eyín. Ibi tí eyín dúró lé ni èrìgì. Àbí báwo ni àfèrìgìpè ṣe máa dé inú gírámà wa? Ṣé eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ la fi ń pe /t/ àti /d/?

Atúmọ̀ kọ:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe eyín ńlá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní èrìgì. Gírámà kò ní kí wọ́n panu mọ́.

Oníṣègùn-Ẹran kọ:

Mo ti Bàbá lẹ́yìn lórí èjí, mo sì ní ìdí tèmi. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló wà ní ìlà kan, wọ́n sì ń ti ara wọn pinpin. Eyín náà ń tín-ín-rín bó ti ń lọ sí gbòǹgbò. Nítorí náà, bí ẹṣin ti ń dàgbà tí ibi tín-ín-rín ń gòkè wá, àlàfo ń là. Èyí tó fẹ̀ lókè nísàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ níyọnu, oúnjẹ ń wọlé, ó ń jáde. Èyí tó há lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀ ni ọ̀daràn: koríko wọlé, kò rọ́nà jáde, ó ń rà síbẹ̀, ẹran ìdí eyín ń jẹrà, eyín ń mì. Òun ló ń dun ẹṣin àgbà jù. A ó wá gbogbo koríko ibẹ̀ jáde, a ó fọ̀ ọ́, a ó wọn jíjìn ihò. A lè fi ohun tó rọ̀ dí i, tàbí ká fi ẹ̀rọ là á fẹ̀ tó mìlímítà 4 sí 6, pẹ̀lú omi tó ń tú sí i kó má baà gbóná, ká sì ṣọ́ra fún ẹran inú eyín. Ẹ pe méjèèjì ní "àlàfo gbalasa" àti "àlàfo pàkúté".

Ọmọ-Àkọtọ́ kọ:

Pàkúté, mo gbà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì kan "àrùn ajẹgbòǹgbò", tí Atúmọ̀ fi túmọ̀ EOTRH, àrùn eyín ẹṣin àgbà kan. A-jẹ-gbòǹgbò: ó mọ́ létí. Ṣé ó péye?

Oníṣègùn-Ẹran kọ:

Ààbọ̀ ló sọ. Àrùn náà ń jẹ gbòǹgbò, ó sì tún ń mọ símẹ́ńtì eyín, ohun líle tó bo gbòǹgbò, lé e lórí, títí gbòǹgbò yóò fi wú rondo. Ẹṣin tó ti lé ní ọdún 15 ló sábà ń mú, ní eyín iwájú, pàápàá àwọn tó wà ní igun, àti eyín tó dá dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ ṣí ètè rẹ̀: àmì pupa kéékèèké, ojú ihò tí ọyún ń gbà jáde, ẹran tó ti fà sẹ́yìn. Ẹ nawọ́ káróòtì sí i: kò ní fi iwájú gé e, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni yóò fi gbà á. Kò sóògùn tó ń dá a dúró, yíyọ ni.

Ti èyí kò jọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ o. Gbòǹgbò tó wú tóbi ju ẹnu ihò rẹ̀ lọ, mímì nìkan kò lè gbé e jáde. A ó la ẹran ìdí eyín, a ó ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó gé díẹ̀ lára egungun iwájú rẹ̀, a ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká…

Atúmọ̀ kọ:

Ẹ ẹ̀ rí i! Kí ni gbígbẹ́, kí ni gígé egungun, tí kì í ṣe hú? Mo fi "ìhúyín" sílẹ̀ fún eyín iwájú.

Àgbà-Olùkọ́ kọ:

Fi sílẹ̀ fún ara rẹ.

Oníṣègùn-Ẹran kọ:

Èyí tó kù: àkọsílẹ̀ lẹ́yìn yíyọ kò pé. Ohun tí a fi ń dí ihò eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́, apá òkè nìkan ni kó dí. Tó bá kún ihò dé ìsàlẹ̀, ẹran kò ní ráyè hù (hù olóhùn ìsàlẹ̀, Ọmọ-Àkọtọ́). Oògùn ìrora ni phenylbutazone 2.2 mg/kg, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí oúnjẹ sì jẹ́ èyí tí a rẹ sómi títí tó fi rọ̀, torí koríko gígùn lè há ẹṣin àgbà lọ́fun tàbí kó fa inú rírun. Ẹṣin tó bá ní àrùn Cushing, àrùn họ́mọ̀nù tó ń mú ẹṣin àgbà, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná. Ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣáájú. Eyín tó dojú kọ ihò náà yóò máa ga sí i, kò ní alátakò mọ́, ká máa gé e kù lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin tí a bá sì yọ gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ṣì lè fi ètè já koríko jẹ, bí ahọ́n rẹ̀ tilẹ̀ ń yọ síta.

Àwòrán kẹta kò tọ́. Eyín ìsàlẹ̀ ọ̀tún ló fi hàn, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 309. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ apá ẹnu: òkè ọ̀tún ni 1, òkè òsì ni 2, ìsàlẹ̀ òsì ni 3, ìsàlẹ̀ ọ̀tún ni 4. 409 ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yín báyìí, eyín tí kò ṣe nǹkan kan ni yóò yọ.

Ọmọ-Àkọtọ́ kọ:

Kí Atúmọ̀ tún nọ́ńbà náà ṣe lónìí. Lórí èrìgì, mo ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ pẹ̀lú Bàbá.