Nígbà tí ilé ìtajà àjọni fẹ́ yan ọjà lódì: kí ni ojú yín rí?

Ìyá Ìbejì, Brooklyn
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Ní ilé ìtajà àjọni tí mo ti ń ra oúnjẹ, níbi tí olúkúlùkù wa ti ń fi wákàtí díẹ̀ ṣiṣẹ́ lóṣù kí owó ọjà má baà ga jù, àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a má ṣe ta ohun tó bá ti Ísírẹ́lì wá mọ́, nítorí ìyà tó ń jẹ àwọn ará Palẹstínì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a óò dìbò. Ta ló ti la irú èyí kọjá?

Àgbà Ìbàdàn
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1978, ìjọba wa kó owó rẹ̀ kúrò ní báńkì Barclays nítorí òwò tó ń ṣe ní South Africa, níbi tí ìjọba aláwọ̀ funfun ti ń tẹ àwọn adúláwọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà náà. Ní 1979, wọ́n gba ìpín BP, ilé iṣẹ́ epo ti Britain, nílẹ̀ wa, ó sì di African Petroleum. Mo rí òṣìṣẹ́ tó gun àkàbà ní ilé epo ìtòsí wa, tó ń fi ọ̀dà pa lẹ́tà àtijọ́ rẹ́, tí àwa ọ̀dọ́ sì ń wò ó bí ẹni pé àwa gan-an la ṣẹ́gun. Ẹ yan ọjà náà lódì.

Olóòótọ́
Ìjọba ló ṣe ìyẹn, bàbá. Ilé ìtajà kan ṣoṣo kì í ṣe ìjọba.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Dublin
Ẹ má fojú kékeré wo ilé ìtajà kan. Ní oṣù Keje 1984, Mary Manning, tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní Dunnes Stores níhìn-ín, kọ̀ láti ta ọsàn gíréépù tó ti South Africa wá. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde, wọ́n sì dúró sí títì nínú òjò àti òtútù fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta, títí ìjọba Ireland fi fòfin de èso àti ewébẹ̀ South Africa ní 1987.

Alákọsílẹ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó máa dìbò. Ní Park Slope Food Coop, ilé ìtajà àjọni kan ní Brooklyn tó wà láti 1973, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2012 lórí bóyá kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà: 653 fẹ́ ẹ, 1,005 kò fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tó 16,000 nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Alẹ́ ni ilé ìtajà tiwa náà fi ìpàdé sí, alẹ́ sì ni mo ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn tó ráyè ló bá mi pinnu ohun tí màá jẹ.

Olóòótọ́
Ó sàn ju ti Olympia, ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí ìgbìmọ̀ ilé ìtajà àjọni ti dá pinnu ní 2010 láti yan ọjà Ísírẹ́lì lódì. Ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2011. Ní 2018, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Ìyá Àdùkẹ́
Èmi àti obìnrin Júù kan la jọ máa ń wọn kọrí àti ata gígún sínú ọ̀rá ní yàrá abẹ́ ilé ìtajà wa. Ọdún mẹ́fà la fi ṣe é. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé Haifa ní Ísírẹ́lì ni àbúrò rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí a yan ọjà Ísírẹ́lì lódì dé, mo fọwọ́ sí i, nítorí ìyá kan tí mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń wá oúnjẹ kiri fún ọmọ rẹ̀ ní Gásà. Nígbà tí iṣẹ́ tún kàn wá, obìnrin náà gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ sí igun kejì, ó kẹ̀yìn sí mi, kò sì kí mi. N kò kábàámọ̀ ìbuwọ́lùwé mi. Ṣùgbọ́n ara bébà ló ti kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ẹnu mi ló ti gbọ́.

Alákọsílẹ̀
Àwọn Júù wà lára àwọn tó fọwọ́ sí tiwa. Ẹ má ṣe rò pé ìhà kan ni gbogbo wọn wà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá a nílé.

Ìyá Ìbejì, Brooklyn
Ẹ ṣeun gan-an. Lónìí, mo mú tàtàṣé kan níbi ìpàtẹ, mo sì yí i kí n lè ka bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn: Mẹ́síkò. N kò wo ibi tí ata ti wá rí. Àbúrò mi ti gbà láti dúró ti àwọn ìbejì lálẹ́ ìpàdé, mo sì máa bá ẹni tí a jọ ń gé wàràkàṣì sọ̀rọ̀ lọ́la, kí ó lè gbọ́ ìbò mi lẹ́nu mi.