Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kan bà síbi iná sólà wa lóko kòkó, ṣé tuntun ni?

Ọmọ_Olóko: Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú alẹ́ o. Mo sun oko kòkó bàbá mi lọ́nà Ìdànrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tan iná sólà sẹ́yìn ahéré ni ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kan bá já lulẹ̀ pàà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú ó ń dán yinrin bí epo mọ́tò tó dà sórí omi, ìwo kékeré kan wá yọ níwájú orí ẹ̀. Bàbá mi ní látọjọ́ tóun ti ń ṣoko òun ò rí irú ẹ̀ rí. Mo fi Google wá a títí ilẹ̀ fi mọ́, kò jáde. Tó bá jẹ́ tuntun ṣé mo lè fi orúkọ ìyá mi àgbà sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Kòkòrò náà ti kú, inú ike bọ́tà ló wà.

Ìjàpọ̀Boy: Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ìtún ni mi ò bá ní kẹ́ ẹ gbé ata kaná 😂

Tíṣà_Kòkòrò: Ẹ má dá a lóhùn. Pé kò sí lórí Google ò sọ ọ́ di tuntun o. Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn tí wọ́n ti sọ lórúkọ láyé yìí ń lọ sí 400,000 oríṣi, ọ̀pọ̀ ni ò ní fọ́tò kankan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi tiyín wé èyí tó wà ní músíọ̀mù, ti London, ti Paris, ti Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù, ibẹ̀ sáà làwọn òyìnbó kó tiwa lọ. Ìwo yẹn náà lè tan yín jẹ, nínú àwọn míì akọ nìkan ló ń hù ú, wọ́n ti sọ akọ lórúkọ rí kí wọ́n tún sọ abo lórúkọ ọ̀tọ̀, àṣé tọkọtìyàwó ni, èyí tó kọ́kọ́ jáde ló sì máa ń dúró. Ibi tí wọ́n máa ń wò gan-an (ẹ má rẹ́rìn-ín) ni nǹkan ọmọkùnrin ẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi gbígbóná kó rọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á yọ láti ìdí, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó di abẹ́ máíkírósíkóòpù. Kòkòrò méjì á jọra bí ìbejì lóde, ti ọ̀kan níbẹ̀ á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ti èkejì á fẹ̀ bí ṣíbí. Ti orúkọ, ẹ lè fi ti ìyá àgbà sọ ọ́, abekeae ló máa jẹ́ ní ìlànà Látìn wọn, àmì ohùn á bọ́ dànù torí òfin wọn ò gbà á.

Àǹtí_Ọbá-Ilé: Ẹ má kánjú ṣá. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Greta Thunberg sọ, ọmọ Sweden tó ń jà nítorí ojú ọjọ́ yẹn, Nelloptodes gretae, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kó o láàárín 1960 sí 1969, kò tó mìlímítà kan, músíọ̀mù London ló jókòó sí títí di 2019. Ẹ fi tiyín sínú sípírítì, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i sínú bébà, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ torí sípírítì á fọ báírò, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó kòkòrò jọ sí.

Ọmọ_Olóko: Ẹ ṣeun àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ike bọ́tà, èèrà ti kún ibẹ̀. Orí àti ìwo ṣì wà. Ìdí gan-an ni wọ́n jẹ 😭

Tíṣà_Kòkòrò: Háà. Ìgbà wo lẹ tún ń lọ sóko?

Ọmọ_Olóko: Ọjọ́ Ẹtì. Mo ti ra sípírítì.