Irun wa nínú oòrùn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kun irun, kí lojú yín ti rí?

Àṣàkẹ́ Onírunpupa
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ooru ti dé, oòrùn ò sì ṣàánú ẹnì kankan. Irun mi pupa rúsúrúsú, kíkùn ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ti ń mú báyìí, àwọ̀ yẹn á ṣá, ṣóńṣó irun á gbẹ, á wá máa já bí mo bá ti ń ya á. Lẹ́yìn náà ni màá tún lọ kùn ún. Ẹ bá mi sọ ìrírí tiyín. Kí ló ṣiṣẹ́ fún yín, kí ni kò ṣiṣẹ́? Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n fá a.

Ìyá Wúrà
Fá a.

Àṣàkẹ́ Onírunpupa
Ìyá Wúrà!! Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni 😂

Àǹtí Aṣerun
Àṣàkẹ́, kí n tó sọ̀rọ̀ oòrùn, dá mi lóhùn ná. Bó o bá tún fẹ́ kùn ún, ṣé gbòǹgbò nìkan ni wọ́n ń bá ẹ kùn, àbí láti gbòǹgbò dé ṣóńṣó? Omi tí wọ́n fi ń po àwọ̀ yẹn ńkọ́, kí ni wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀? 6% ni àbí 12%?

Àṣàkẹ́ Onírunpupa
Gbogbo ẹ̀ ni o, Àǹtí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ìgò yẹn, mo ní àwòrán ẹ̀ lórí fóònù. 12% ló wà lára ẹ̀.

Àǹtí Aṣerun
Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ìta irun ní èèpo tó tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Amóníà inú àwọ̀ ló máa ń ṣí èèpo yẹn, hydrogen peroxide, ìyẹn omi inú ìgò yẹn, á wá pa àwọ̀ àbínibí tó wà nínú irun kí tuntun lè ráyè wọlé. 3% ò fi bẹ́ẹ̀ pa nǹkan kan. 6% ti tó láti fi bo ewú. 12% yẹn, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí irun dúdú ní àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò ó. Irun tó ti pupa tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ fi 12% ṣe?

Irun orí ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù. Ìwọ̀nba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù yẹn nìkan ló yẹ kí wọ́n máa kùn fún ẹ. Ṣóńṣó irun tìẹ ti mu peroxide lámujù kí oòrùn tó kàn án rárá. Oòrùn náà á wá dé, ìtànṣán ẹ̀ á máa jẹ kẹ́rátíìnì tó fún irun lágbára, á tún máa pa àwọ̀ tó o fowó ẹ rà. Oòrùn jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló jẹ̀bi.

Lálá
Mo ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́.

Kọ́lá Òwúrọ̀
Àǹtí, ṣé òróró àgbọn ò lè dí oòrùn ni? Òun ni mo máa ń fi pa irun mi kí n tó jáde. Irun mi gùn, mo máa ń dì í sẹ́yìn.

Àǹtí Aṣerun
Ìwọ̀nba kékeré ló lè dí, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí òróró àgbọn mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó máa ń wọ inú irun lọ, kì í dúró sí ìta nìkan, kì í sì í jẹ́ kí èròjà inú irun bá omi lọ nígbà téèyàn bá ń fọ̀ ọ́. Fi pa á kó o tó fọ̀ ọ́. Bó o bá fẹ́ jáde sínú oòrùn, dé fìlà tí etí ẹ̀ fẹ̀, tàbí kó o wé nǹkan mọ́ ọn. Kò sí òróró tó lè ṣe iṣẹ́ fìlà.

Yéjídé Alúwẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ kí n fi tomi kún un, torí àsìkò ooru yìí ni gbogbo ayé ń sáré lọ lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan bílíìṣì irun ẹ̀ títí ó fi di yẹ́lò. Ó rẹwà lójú gbogbo wa. A jọ wọ inú omi ìlúwẹ̀ẹ́, a ṣeré títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí irun ẹ̀ gbẹ, ó di àwọ̀ ewé! Ó sunkún débi pé àwa náà ò lè rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa rò pé klorínì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ni. Bàbà ni o, bàbà tó wà nínú omi, klorínì kàn ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun tí wọ́n bá ti bílíìṣì, torí irun yẹn ti ń fa gbogbo nǹkan mu. Látìgbà yẹn, kí n tó wọ inú omi, màá fi omi tó mọ́ rẹ irun mi gbindingbindin, kó yó, kó má ráyè fún omíràn. Màá wá dé fìlà rọ́bà. Bí mo bá ti jáde, kò ní pẹ́ tí màá fi ṣàn án. Àwọ̀ irun mi ò yí padà rí.

Mojí Ò Gbà
Bàbà nínú omi báwo? Klorínì ni gbogbo èèyàn ń pariwo.

Yéjídé Alúwẹ̀ẹ́
Àwọn páìpù kan wà tó jẹ́ bàbà, bàbà sì wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń pa ewédò inú omi. Wo ara bàbà tó ti pẹ́ níta, àwọ̀ wo lo máa ń rí lára ẹ̀?

Mojí Ò Gbà
Ó dáa, mo gbà.

Lálá
Mojí gbà! Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀ o 😂😂

Morẹ́nikẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa ṣeré lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń fi àwọ̀ dúdú bo ewú látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àwọ̀ kan náà ni, inú páálí kan náà. Kò dán an wò lára rí, torí kí ló tún fẹ́ dán wò lára ohun tó ti ń lò bọ̀?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kùn ún nírọ̀lẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó sùn. Ó jí, orí ń yún un, etí méjèèjì ti wú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ẹ̀ ti wú débi pé kò ríran, omi ń sun láti etí irun wá sí ọrùn. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ wọ ilé ìwòsàn. Dókítà awọ ara bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan tó yà mí lẹ́nu: “Ṣé wọ́n ti ya làálì dúdú sí yín lára rí?” Wọ́n ti yà á sí i lọ́wọ́ nígbà kan tó lọ gbafẹ́, ara ẹ̀ ò sì gbà á. Ó ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Dókítà ní làálì gidi kì í dúdú, pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD ni wọ́n pò mọ́ ọn, òun kan náà ló wà nínú àwọ̀ irun dúdú. Ara ẹ̀ ti di ọ̀tá PPD láti ọjọ́ yẹn, kò ní padà gbà á mọ́ títí ayé.

Ẹ ṣáà dákun, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kun irun, ẹ fi díẹ̀ tọ́ ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgúnpá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí 48. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kùn ún ni o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ohun tí wọ́n yà sára bá sì ti bá jà rí, kó má tiẹ̀ dán an wò fúnra ẹ̀. Dókítà ni kó lọ rí.

Lálá
Ọlọ́run ò. Báwo ni wọ́n báyìí?

Morẹ́nikẹ́
Wọ́n ti gbádùn. Wọ́n ti fi ewú wọn sílẹ̀, ó sì yẹ wọ́n.

Kọ́lá Òwúrọ̀
Ohun téèyàn ti lò fún ọdún gbọọrọ! Ó bà mí lẹ́rù.

Àǹtí Aṣerun
Ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà máa ń bínú sí mi tí mo bá ní kó lọ ná, kó padà wá lẹ́yìn wákàtí 48. Mo gbà kó bínú. Ní Yúróòpù, òfin ò gbà kí PPD ju 2% lọ nínú àwọ̀ tí wọ́n bá fi sórí, síbẹ̀ ó ṣì ń mú àwọn èèyàn. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń yà sára ní ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́, ta ló wọn tiẹ̀? Ọ̀kan ṣì kù: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àwọ̀ irun kun ìpéǹpéjú tàbí irun ojú. Ó lè fọ́ ojú.

Adùnní Ewéko
Ohun tí mo ṣe ń sọ fáwọn èèyàn nìyí, ẹ padà sí làálì. Ewé ni, kò sí kẹ́míkà nínú ẹ̀, kò léwu.

Mojí Ò Gbà
Ewé ni, àmọ́ pé kò léwu yẹn, èmi ò gbà. Ewé tó ń pani pọ̀ láyé.

Adùnní Ewéko
Làálì ò pa ẹnikẹ́ni lára nílé wa. Ìyá mi lò ó, èmi náà ń lò ó, irun wa nípọn dáadáa.

Àǹtí Aṣerun
Ẹ̀yin méjèèjì ní ibi tẹ́ ẹ ti sọ òótọ́. Làálì tó jẹ́ ojúlówó dára, ó máa ń lẹ̀ mọ́ kẹ́rátíìnì, irun á sì nípọn. Àmọ́ àwọ̀ pupa nìkan ló ní. Èyí tí wọ́n bá ní ó dúdú, tó sì mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan mìíràn ti wọ inú ẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọ́n po iyọ̀ irin mọ́. Bí wọ́n bá gbé bílíìṣì lé irú irun yẹn, ó lè gbóná fòò, kó já dànù. Oníbàárà tó bá ti lo làálì rí, ìdì irun kékeré ni mo máa ń gé lẹ́yìn orí ẹ̀ dán wò ná, kí n tó fọwọ́ kan ìyókù.

Adùnní Ewéko
Mo gbọ́ ti iyọ̀ irin yẹn. Tèmi, mo máa ń lọ ewé ẹ̀ fúnra mi ni.

Bọ̀dá Gbádébọ̀
Ẹ̀yin obìnrin ti gba ilé yìí, àwa ọkùnrin náà ń kun irun o. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fi àwọ̀ orí kun irùngbọ̀n, àgbọ̀n ẹ̀ bó. Èmi ò kun nǹkan kan ní tèmi. Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Kí lèèyàn ń sá fún? Wọ́n sì ní bí wọ́n bá ń kùn ún ni ewú ń pọ̀ sí i.

Ìyá Wúrà
Gbádébọ̀, ọkùnrin tó bá hu ewú, wọ́n á ní ó ti dàgbà, ó níyì. Obìnrin tó bá hù ú, wọ́n á ní ó ti gbó. Jẹ́ ká kun tiwa.

Lálá
Ìyá Wúrà ti sọ ọ́!

Bọ̀dá Gbádébọ̀
Mi ò bá yín jà o, Ìyá Wúrà. Ẹ máa kùn ún.

Kọ́lá Òwúrọ̀
Bọ̀dá, kò sóòótọ́ nínú pé àwọ̀ ló ń mú ewú pọ̀ sí i. Abẹ́ awọ orí ni irun ti ń gba àwọ̀ ẹ̀ kó tó yọ síta, dáì ò dé ibẹ̀. Ewú tó fẹ́ wá tẹ́lẹ̀ náà ló wá. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ewú sílẹ̀, ẹ máa dé fìlà. Oòrùn máa ń sọ ewú di ràkọ̀ràkọ̀, bàbá mi rí i lórí tiwọn.

Tìtílayọ̀
Ẹ tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ irun ṣáá, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ awọ orí. Mo di irun, mo jókòó níta láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlà tí wọ́n là sórí mi ń ta mí, mi ò lè gbórí lé ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ni awọ ibẹ̀ wá ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mojí Ò Gbà
Mo rò pé oòrùn kì í jó awọ dúdú?

Tìtílayọ̀
Awọ tèmi dúdú dáadáa, ó sì jó o. Mẹ́láníìnì, èròjà tó ń mú kí awọ dúdú, máa ń dín in kù ni, kì í dí i tán. Ibi tí wọ́n bá sì pín irun sí, oòrùn ò rí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jó. Báyìí, láàárín aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìborí ò yàgò fúnra wa. Bí mi ò bá fẹ́ bo orí, màá fi ìpara tó ń dí oòrùn tọ́ àwọn ìlà yẹn.

Àǹtí Aṣerun
Ẹ kú iṣẹ́, Tìtílayọ̀. Ẹ̀yin onírun dídì, òógùn ń kó sí abẹ́ ẹ̀ lásìkò yìí, ẹ fọ awọ orí yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó wé e. Ẹni tó bá sì fa irun iwájú orí yín débi tí ojú yín ń fà, ẹ ní kó tú u. Irun etí orí tó bá sá lọ, ó lè má padà mọ́.

Abíọ́lá T.
Rílásà àti dáì, ṣé mo lè ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan?

Àǹtí Aṣerun
Rárá. Rílásà ni kó ṣáájú, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bílíìṣì ńkọ́? Má gbé e lé irun rílásà rárá.

Àṣàkẹ́ Onírunpupa
Àǹtí, mo ti pe ẹni tó ń bá mi kun irun. Ó ní òun á máa kun gbòǹgbò nìkan, 6% ni òun á sì lò. Ṣé kí n máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ nítorí òógùn?

Àǹtí Aṣerun
Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, gbogbo ìgbà tó o bá ti ń fọ̀ ọ́ ni pupa ń bá omi lọ, àwọ̀ pupa ló sì máa ń tètè ṣá jù. Omi lásán lè ṣan òógùn kúrò. Kó má gbóná. Fi kọndíṣọ́nà sí ṣóńṣó ẹ̀, kó o sì fi òòyà tí eyín ẹ̀ jìnnà síra ya á.

Ìyá Wúrà
Morẹ́nikẹ́, mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ rẹ látàárọ̀. Bí mo bá ti kun irun báyìí, etí irun mi máa ń yún mi fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń lọ. Mo ti ń pè é ní ooru.

Morẹ́nikẹ́
Ìyá Wúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, yíyún lásán. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara, wọ́n á lẹ ohun ìdánwò mọ́ yín lẹ́yìn, wọ́n á sì sọ èyí tó ń bá yín jà. Bí ètè bá wú tàbí tí èémí ò já geere, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Wúrà
Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣé èyí tí wọ́n kọ “kò ní PPD” sára ẹ̀ ò lè ṣe é?

Àǹtí Aṣerun
Ẹ ní sùúrù ná, mà. Púpọ̀ nínú wọn ní PTD, ìbátan rẹ̀ ni, ó sì máa ń mú ọ̀pọ̀ àwọn tí PPD ń mú. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ohun tó jẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ka ẹ̀yìn páálí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Wúrà
Ọjọ́ Ajé ni màá lọ.