Ẹ gbà mí o, kí ni mo lè fi nu eruku àti àtíkè òdòdó lára mọ́tò tí kò ní máa họ ọ́?

Mọ́tòDúdú
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò mi dúdú ni, abẹ́ igi kan ló sì máa ń sùn torí kò síbòmíì tí mo lè gbé e sí. Látìgbà tígi yẹn ti ń tanná, tí mo bá jáde láàárọ̀ ṣe ni gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì á pọ́n rúsúrúsú bí ẹni pé ẹnì kan da àtíkè sí i mọ́jú. Èmi náà á fa àkísà gbígbẹ yọ nínú búùtù, màá nù ún fìrìfìrì, màá wọlé, ó dilé. Àfìgbà tí mo gbé e síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn sí i lára, yéè! Ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ara ẹ̀, yípo yípo bí ilé aláǹtakùn. Àkísà yẹn sì rọ̀ o, ẹ̀wù mi àtijọ́ ni. Kí ló wá ń họ ọ́? Mi ò sì ráyè fọ mọ́tò lójoojúmọ́.

Bọ̀dáKorobá
Àbúrò, àkísà kọ́. Ohun tó wà láàárín àkísà àti mọ́tò ni. Iyanrìn kíkúnná pọ̀ nínú eruku, iyanrìn sì le ju ọ̀dà lọ fíìfíì, bó o ṣe gbé aṣọ lé e tó o wá ń fà á yẹn, sáńpépà lo fi ń nu mọ́tò. Ọ̀dà tó ń dán lókè pátápátá, èyí táwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní clear, kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi 0.05 mm lọ, irun orí ẹlòmíì nípọn jù ú lọ.

Torí náà omi ni kó kọ́kọ́ kàn án, kó tó kan ọwọ́. Wá ibòji, jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù, fi hóòsì ṣàn án látòkè wá sílẹ̀ kó o má fọwọ́ kàn án rárá. Ìyẹn nìkan á ti kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn náà korobá méjì, ọ̀kan ṣáńpù mọ́tò, ọ̀kan omi lásán. Ìbọ̀wọ́ onírun tí wọ́n fi microfiber ṣe, ìyẹn aṣọ olówú tín-ín-rín tó rọ̀, ni kó o lò, kì í ṣe fóòmù, torí ojú fóòmù tẹ́, iyanrìn á kàn jókòó síbẹ̀ ni, àmọ́ tonírun, iyanrìn á sá wọnú irun. Bó o bá ti fọ ibì kan, kọ́kọ́ gbọ̀n ìbọ̀wọ́ sínú omi lásán kó tó padà sínú ọṣẹ. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà lo máa fi kẹ́yìn, ibẹ̀ nidọ̀tí pọ̀ sí jù. Tí ìbọ̀wọ́ bá sì já bọ́ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àfi kó o fọ̀ ọ́ dáadáa tàbí kó o mú òmíì, ohun tí mo fi ba ilẹ̀kùn mọ́tò tèmi jẹ́ nìyẹn. Ọṣẹ ìfọbọ́, fi í sílẹ̀, ṣe ló máa ń bó wáàsì, ìyẹn ìpara tó ń dáàbò bo ọ̀dà, dànù.

FunfunNiTèmi
Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn lèmi fi ń gbọn tèmi lójoojúmọ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin, mi ò rí ìlà kankan.

ÀǹtíGíláàsì
Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò funfun! Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lára lálẹ́ ná kẹ́ ẹ wá padà wá bá wa sọ̀rọ̀ 😂

Mọ́tòDúdú, àtíkè òdòdó yàtọ̀ sí eruku díẹ̀. Tó bá ṣì gbẹ, atẹ́gùn lásán lè gbé e, tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé, ẹ fẹ́ ẹ dànù láìfọwọ́kàn. Àmọ́ tí ìrì tàbí òjò wínníwínní bá kàn án tóòrùn tún wá pa á, ó máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ó sì lè mú àbàwọ́n. Àbàwọ́n yẹn, ẹ má ha á. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì microfiber sínú omi tó gbóná àmọ́ tí ò hó, ẹ tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rọ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá sì mọ́ tán ẹ fi wáàsì sí i, ìgbà míì á tètè bọ́. Ẹ tún máa yẹ abẹ́ wáípà wò, ìtànná àti ewé máa ń dí ojú ibi tómi ń gbà jáde níbẹ̀, àti fíltà AC, torí tìyẹn bá dí, atẹ́gùn ò ní fẹ́ dáadáa mọ́.

Mọ́tòDúdú
Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò ní hóòsì, omi korobá kan ṣoṣo ni mo lè rí láàárọ̀.

Bọ̀dáKorobá
Ó tó. Ra ọṣẹ tí wọ́n ń pè ní rinseless, ìwọ̀nba díẹ̀ lo máa bù sómi, kò nílò kó o ṣàn án lẹ́yìn náà. Rọ díẹ̀ nínú ẹ̀ sínú ike tó ń fín omi, fín in sí ara mọ́tò kó rin gbingbin, dúró kó rọ̀. Ká táwẹ́ẹ̀lì sí mẹ́rin, wàá rójú mẹ́jọ lò. Rẹ ẹ́ sómi korobá yẹn, fà á lẹ́ẹ̀kan ní gbọọrọ, má tẹ̀ ẹ́, yí i sójú tó mọ́. Tójú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti dọ̀tí, mú òmíì, má rẹ ẹ́ padà sínú korobá. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló wà lára ẹ̀, má dán an wò, àfi kó o wá omi púpọ̀.

Mọ́tòDúdú
Mo ti ṣe é láàárọ̀ yìí o. Táwẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tí mo fọ̀ wọ́n tán, mo da omi ẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ìsàlẹ̀, iyanrìn dúdú kan jókòó síbẹ̀ báyìí, mo fìka ra á, ó ń dún kẹ́rẹkẹ̀rẹ. Èyí tí mo ti ń fi àkísà yí lára mọ́tò láti ọjọ́ yìí! Àwọn ìlà àtijọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n lè lọ?

ÀǹtíGíláàsì
Ẹ fi èékánná rà á jẹ́jẹ́. Tí kò bá há sí i, pọ́líìṣì lè mú un lọ. Ṣùgbọ́n clear yẹn náà ni pọ́líìṣì ń bó, ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ oṣooṣù. Ẹ jẹ́ kígi yẹn tanná tán ná.