Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, wọ́n ní opó inú ìtàn mi kàn ń pariwo

Ọmọ Òkèlélé: Àsàlámù àlékùn ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn obìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ kú ni mò ń kọ, mo ti gbé apá mẹ́fà sórí Facebook. Inú ń bí mi gan-an, iná ò sí láti Jímọ̀, fóònù ni mo fi ń tẹ gbogbo ẹ̀, àbúrò mi tún gbé páwà báǹkì lọ kò dá a padà. Mo kọ ọ́ tó ń forí gbálẹ̀, tó ń fa irun ya, síbẹ̀ ẹnì kan ní òun ò rí ọ̀fọ̀ kankan níbẹ̀, ariwo lásán ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ráṣí: Nígbà tí bàbá Ráṣí kú mi ò sunkún rárá. Kúlà oúnjẹ tí wọ́n ń kó wọlé ni mò ń kà, mo dẹ̀ ń bínú pé wọ́n dé ìdérí pupa mọ́ kúlà búlúù. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n ń ṣe fídáù, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ojú tì mí. Ó lé lóṣù mẹ́ta kí n tó sunkún, wàrà ló fà á. Mo rà á délé tán ni mo rántí pé èmi kì í jẹ wàrà, òun ló ń jẹ ẹ́.

Tanke Boy: Tẹ̀lé ìpele márùn-ún tí dókítà Kübler-Ross kọ nípa ikú ní 1969. Kó kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni, kó bínú, kó máa bá Ọlọ́run dúnàá dúrà, kó sorí kọ́, kó wá gbà. Apá kan fún ìpele kan, ó parí.

Ará Ọ̀fà: Àwọn aláìsàn tó ń kú lọ fúnra wọn ni dókítà yẹn bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe opó! Ilé Mùsùlùmí wo ní Ìlọrin ló tiẹ̀ máa jẹ́ kí opó fa irun ya, àlùfáà ò ní bá a wí ni?

Tanke Boy: Ṣé ìwọ ti kọ ìtàn rí?

Ọmọ Òkèlélé: Ẹ má jà. Ìyá Ráṣí, mo kọ irú ti wàrà yẹn sápá kẹfà o. Ó ń sá sálúbàtà ọkọ ẹ̀ sóòrùn láràárọ̀, á kó o wọlé lálẹ́. Ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé.

Ìyá Ráṣí: Nílé ta ni?

Ọmọ Òkèlélé: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ní ariwo lásán ni. Mo yí orúkọ padà o!

Ìyá Ráṣí: Ó ti jáde nínú tákàbà?

Ọmọ Òkèlélé: Nínú oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá, oṣù kejì la wà yìí.

Ará Ọ̀fà: Háà! Ẹ̀gbọ́n ẹ ló kú, o wá ń rojọ́ páwà báǹkì fún wa?

Ìyá Ráṣí: Dá sálúbàtà obìnrin yẹn padà fún un. Kọ tìẹ.

Ọmọ Òkèlélé: Mo ti pa apá kẹfà rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni páwà báǹkì yẹn.