Ẹ gbà mí o, mo nílò télọ̀ méjì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí

Ìyá Ìbejì Aláṣọ: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Àwọn télọ̀ mi méjèèjì ti lọ. Ọ̀kan dágbére lálẹ́ àná, èkejì ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, mò ń pe fóònù ẹ̀, kò lọ. Aṣọ ẹbí ogójì wà nílẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ télọ̀ tó mọṣẹ́, tí kò ní wàhálà, kó jọ̀ọ́ júwe ẹ̀ fún mi. Kíákíá ni o.

Agbádá Ọ̀gbà: Mọ̀mí, ẹ ò sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ ò sì sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ṣé ìró àti bùbá ni àbí kọ́sẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó mọ bùbá rán lè má mọ kọ́sẹ́ẹ̀tì o.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ: Ìkòtún ni. Ti owó, a ó jọ sọ ọ́.

Sùúrù Lérè: "A ó jọ sọ ọ́" yẹn ló lé àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Bàdágìrì: Ṣé ará Tógò ni wọ́n ni? Mẹ́ta ló lọ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, tí wọ́n bá ṣẹ́ owó yẹn sí Sẹ́fà, kì í tó nǹkan mọ́. Èyí tó lọ kẹ́yìn fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò ẹ̀ fún mi lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ní "Ọ̀gá, ẹ wò ó fúnra yín." Mo wò ó. Téèpù ẹ̀ ṣì wà lára ìṣó títí dòní.

Sísí Oníléèsì: Ẹ MÁ GBA ẸNI TẸ́ Ẹ Ò MỌ ILÉ Ẹ̀! Orí irú ìbéèrè báyìí ni wọ́n ti júwe ọ̀kan fún mi ní December 2024. Kò mú onídùúró wá, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, òwú kan ò yọ jáde. Mo yá a ní 50,000, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, léèsì ìyàwó méjì ò sí mọ́, ó ti tú orí ẹ̀rọ mi lọ. Tábìlì ẹ̀rọ àti mọ́tò tó ń yí i nìkan ló ṣẹ́ kù, ó wá kó àwọn nọ́ọ̀tì jọ sínú ìdérí ike bí ẹni tó ń bọ̀ wá. Èmi ni mo fowó ara mi ra léèsì padà fún ìyá ìyàwó.

Sùúrù Lérè: Pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́, lọ́jọ́ karùn-ún?

Sísí Oníléèsì: Ṣé kí n máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù ni?

Abẹ́rẹ́ Kìí Sùn: Ẹ̀yin ọ̀gá nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀. Télọ̀ lèmi. Ìró àti bùbá tẹ́ ẹ gba 25,000 lé lórí, 5,000 lẹ fún mi, mo tún lọ̀ ọ́, mo tún jókòó de iná títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì owó mi ń bẹ lọ́wọ́ yín. Tí mo bá wá lọ, mo di olè.

Sísí Oníléèsì: Èmi jẹ ẹnikẹ́ni lówó ni?

Abẹ́rẹ́ Kìí Sùn: Mi ò dárúkọ yín, mà.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ san owó oṣù tó kéré jù, 70,000 tí òfin ìjọba là kalẹ̀ ní 2024, ẹ ó rí èèyàn.

Ọmọ Bàdágìrì: Òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25 sílẹ̀, àti ẹni tó ń gba owó lórí iye iṣẹ́ tó bá ṣe.

Abẹ́rẹ́ Kìí Sùn: Òfin yọ yín sílẹ̀, onímọ́tò ò yọ èmi sílẹ̀.

Sóólà Dé: Iná ni ìṣòro yín. Mo ní bátìrì tó dáa, ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀.

Agbádá Ọ̀gbà: Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀. Télọ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi láti 2019. Mo kọ iye aṣọ kọ̀ọ̀kan sára ògiri, kò sí pé a ń nájà lójoojúmọ́. Sátidé, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti sanwó, kódà tí oníbàárà ò bá tíì san tèmi. Ẹ̀rọ tó ń lò, díẹ̀díẹ̀ ló ń san án, tó bá parí, tiẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, á kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ fún un. Tẹ́ ẹ bá ń dán télọ̀ wò, ẹ ní kó fi síìpù sára aṣọ kan, kẹ́ ẹ wá yí i sódì. Inú aṣọ lẹ ó ti rí i bóyá ó mọṣẹ́.

Sùúrù Lérè: Ẹ gba ìmọ̀ràn yìí, Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ: Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti rí ọ̀kan. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni, oṣù tó kọjá ló ṣe fírídọ́ọ̀mù. Mi ò tíì rí iṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, mo ní ìpàdé ni mo ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un.

Sísí Oníléèsì: Háà.

Agbádá Ọ̀gbà: Ẹ ti bá a sọ iye owó?

Ìyá Ìbejì Aláṣọ: Tá a bá parí aṣọ ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ń lẹ òkúta mọ́ aṣọ ní agbègbè Ìkòtún?